Ta Ló Ń Sanwó Ọ̀fẹ́? Bí Èdè Faransé Ṣe Di Ohun tí Ènìyàn Ń Dá Kọ́

Ní nǹkan bí ọdún 1573, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn ń kọ́ àwọn ọmọ oníṣòwò ní èdè rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nítòsí ìjọ St Paul's. Claude de Sainliens lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Holyband ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ó kọ ìwé ìtàkùrọ̀sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹnì kan béèrè iye tí wọ́n ń gbà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì dá a lóhùn láìfi bọpo bọyọ̀: ṣílè kan lọ́sẹ̀, 40 ṣílè lọ́dún.

Lónìí, ọmọbìnrin tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn lè gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀, kó máa gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tó ni ín láàárọ̀ títí dalẹ́, kó má sì san kọ́bọ̀ fún olùkọ́ kankan. Láàárín ṣílè Holyband àti fóònù ọmọ yìí, nǹkan bí 450 ọdún ló wà. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yìí kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀kọ́ Faransé bá rọjú díẹ̀ sí i, ẹnì kan wà lẹ́yìn aṣọ tó ti sanwó rẹ̀, ó sì ní ohun tó ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ jèrè ọ̀fẹ́ náà, á dára kó mọ olówó rẹ̀.

Owó ọba

Kí èdè tó di ohun tí ènìyàn lè fi ìwé kọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró sójú kan. Faransé àtijọ́ kò dúró: bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Normandy kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Paris. Lọ́dún 1530, John Palsgrave, tó ti kọ́ Mary àbúrò Ọba Henry Kẹjọ ní èdè náà kó tó lọ fẹ́ ọba Faransé, tẹ ìwé gírámà ńlá kan jáde fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Ọba François Kìn-ín-ní pàṣẹ ní ìlú Villers-Cotterêts pé èdè Faransé ni kí wọ́n máa fi kọ ìwé ẹjọ́ àti ìwé ìjọba, kí wọ́n pa Látìnì tì. Ní 1635, Kádínà Richelieu dá Académie française sílẹ̀ láti máa ṣọ́ èdè náà. Ní 1694, àjọ yìí gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde.

Àṣẹ ọba ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọba kò sì ro ti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn. Ohun tó ń wá ni pé kí ìwé tí wọ́n bá kọ ní Paris yé adájọ́ tó wà ní ìpẹ̀kun ìjọba rẹ̀. Síbẹ̀, àǹfààní ìṣọ̀kan yẹn ni gbogbo ẹni tó ń dá Faransé kọ́ ń jẹ títí dòní.

Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè ọmọ

Ẹni tó kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé àlàyé olùkọ́ kì í ṣe dandan ni Joseph Jacotot. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, wọ́n sì lé e kúrò nílé nígbà tí ìdílé ọba Bourbon padà sórí oyè. Ní 1818, ó ríṣẹ́ ní Yunifásítì Louvain, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Wàhálà kan wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò gbọ́ Faransé, òun náà kò sì gbọ́ èdè tiwọn.

Ìwé kan ló fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Télémaque, ìwé Fénelon tó kọ́kọ́ jáde ní 1699, ṣẹ̀ṣẹ̀ tún jáde nígbà náà pẹ̀lú ìtumọ̀ ní èdè wọn, Faransé lápá kan, èdè wọn lápá kejì. Jacotot ní kí ògbufọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìtumọ̀ náà kọ́ Faransé inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé ìdajì apá àkọ́kọ́, kí wọ́n máa sọ ọ́ ní àsọtúnsọ títí yóò fi mọ́ wọn lórí, kí wọ́n sì ka ìyókù débi tí wọ́n á lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ní kí wọ́n fi Faransé kọ èrò wọn lórí ohun tí wọ́n kà. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìwé tí àṣìṣe ti bà jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ wá yà á lẹ́nu: ó dán mọ́rán, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàlàyé òfin gírámà kan ṣoṣo fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Olùkọ́ kò lọ sílé. Òun ló yan ìwé, òun ló fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, òun ló sì béèrè ohun tí wọ́n ṣe. Àlàyé nìkan ni kò ṣe. Ẹni tó ń dá kọ́ èdè lórí fóònù ní ìwé tó ju ti Jacotot lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò béèrè lọ́la pé, "Èyí tí o kà dà?"

Bí ohùn ṣe di ọjà

Nǹkan bí 60 ọdún lẹ́yìn náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Providence, ní Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ èdè Berlitz máa ń sọ ọ́ pé ní 1878, Maximilian Berlitz gba igbákejì kan, Nicholas Joly, tó fi Faransé kọ lẹ́tà dáadáa wá. Ìgbà tó dé ni wọ́n tó mọ̀ pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Àìsàn dá Berlitz gúnlẹ̀, ó ní kí Joly máa tọ́ka sí nǹkan, kó máa dárúkọ wọn. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi Faransé dáhùn ìbéèrè. Berlitz sọ àṣìṣe náà di òwò, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì tàn ká ayé.

Ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ kò jókòó. Jámánì ti ṣẹ́gun rẹ̀ nínú ogun 1870 sí 1871, ó sì ń wá ọ̀nà mìíràn tí orúkọ rẹ̀ yóò fi máa dún. Ní 1883, wọ́n dá Alliance française sílẹ̀ ní Paris láti máa tan èdè náà ká àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà àti òkè òkun. Louis Pasteur wà níbẹ̀, Jules Verne náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Faransé ti di ọjà tí olówó rẹ̀ fẹ́ kí ènìyàn gbà ju bó ṣe fẹ́ kí wọ́n rà lọ.

Lẹ́yìn náà ni ohùn wọ inú àpótí. Jacques Roston dá Linguaphone sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1901, ó fi ìda tí wọ́n gba ohùn sí bẹ̀rẹ̀, kó tó di àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní 1929, Alphonse Chérel gbé Assimil kalẹ̀ ní Paris: ìtàkùrọ̀sọ kúkurú lójúmọ́, ìtumọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ìtàn Jacotot yóò rí i pé ìwé onítumọ̀ ni Chérel náà padà sí. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ nìkan ló lè ra ẹ̀rọ àti àwo, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lábúlé lè gbọ́ ohùn ará Paris láìkúrò nílé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Owó orí àti ẹ̀bùn olówó

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ló tún gba iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ Faransé ní kí Georges Gougenheim àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn sílẹ̀, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde jù. Nǹkan bí 1,500 ọ̀rọ̀ ni wọ́n kó jọ fún ìpele àkọ́kọ́. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ dá Foreign Service Institute sílẹ̀ ní 1947 fún àwọn aṣojú rẹ̀ tó ń lọ sókè òkun. Owó orí aráàlú ni wọ́n fi ṣe àwọn ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀tọ́ oníǹkan kò sì de iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi kó ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì Faransé wọn sórí ayélujára fún ẹnikẹ́ni láti mú.

Ní 1987, ọ̀jọ̀gbọ́n Pierre Capretz ti Yunifásítì Yale gbé French in Action jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, apá 52, ìdajì wákàtí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtàn Robert, ará Amẹ́ríkà, àti Mireille, ọmọ Paris, ni, Faransé ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́ délẹ̀. Owó ẹ̀bùn olówó ńlá kan, Annenberg, ló wà nídìí rẹ̀, ó sì padà di ohun tí a lè wò lórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ní 2012

Ilẹ̀ Faransé ti ní ayélujára tirẹ̀ kí ayé tó ní ọ̀kan. Láti 1982, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba wọn ń fún aráàlú ní ẹ̀rọ kékeré kan lọ́fẹ̀ẹ́, Minitel, kí wọ́n máa fi wá nọ́ńbà fóònù, kí wọ́n máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Ààlà ilẹ̀ wọn ló pààlà fún un. Ní 30 Oṣù Kẹrin 1993, CERN, ibùdó ìwádìí tó wà lẹ́nu ààlà Faransé àti Switzerland, yọ̀ǹda wẹ́ẹ̀bù, iṣẹ́ Tim Berners-Lee, fún gbogbo ayé láìgba owó. Orí ọ̀fẹ́ yìí ni gbogbo ọ̀fẹ́ tó kù dúró lé. Yunifásítì Texas ní Austin kó ìwé gírámà àti ẹ̀kọ́ Faransé rẹ̀ síbẹ̀. Rédíò RFI ń ka ìròyìn lójoojúmọ́ ní Faransé tó rọrùn, tẹlifíṣọ̀n TV5Monde sì ṣí ojú ewé tí ènìyàn ti lè wo fídíò kó sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Owó ìjọba ló ń gbé àwọn méjèèjì yìí ró.

Ní 30 Oṣù Kẹfà 2012, wọ́n pa Minitel. Ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, Duolingo, ojú ewé ẹ̀kọ́ èdè lórí ayélujára, ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Luis von Ahn, ọmọ Guatemala, àti Severin Hacker ló dá a sílẹ̀ ní Pittsburgh. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ fẹ́ rí owó rẹ̀ jọni lójú: akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa túmọ̀ ìwé gidi gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá, àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn bíi CNN àti BuzzFeed yóò sì sanwó ìtumọ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi òógùn rẹ̀ sanwó. Ètò náà kò tọ́jọ́. Ìpolówó ọjà àti owó oṣooṣù àwọn tí kò fẹ́ rí ìpolówó ló rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń ta ìpolówó fẹ́ kí o padà wá lọ́la ju pé kí o tètè gbọ́ èdè kí o máa lọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ fi í sọ́kàn nígbà tó bá ń ka iye ọjọ́ tí kò tíì pa jẹ.

Ẹnu wa àti ẹnu ààlà

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀: Bẹ̀nẹ̀, Niger, Chad àti Cameroon. Gbogbo wọn ló gba èdè Faransé lọ́wọ́ àwọn amúnisìn. Ìjọba wa dá abúlé ẹ̀kọ́ èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, Àgbádárìgì, ní 1991. Ní Oṣù Kejìlá 1996, nígbà tí ìjà wà láàárín òun àti àwọn orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀gágun Sani Abacha kéde ní Èkó pé Nàìjíríà yóò di elédè méjì. Ètò ẹ̀kọ́ 1998 kọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ tí yóò ṣe é kò tó. Lónìí, ìwé àṣẹ láti lọ gbé ní Kánádà, tó ń fún ẹni tó gbọ́ Faransé ní ààyè pàtàkì, ló ń lé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa lọ sídìí fóònù.

Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣàlàyé púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí, kò sí ẹni tó sọ fún ọmọ Yorùbá pé ọ̀nà rẹ̀ kúrú níbì kan. "é" wọn ni "e" wa. "È" wọn ni "ẹ" wa. Ohùn ìparí "beau" ni "o", ti inú "port" sì súnmọ́ "ọ". Fáwẹ́lì àránmúpè tó ń dá Gẹ̀ẹ́sì lágara, a ti ń pè é láti kékeré nínú "ìyẹn" àti "ọ̀kan". Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ "ìwọ" àti "ẹ̀yin" kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìdí tí "tu" àti "vous" fi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Faransé máa ń pe bàbá rẹ̀ ní "tu", ohun tí yóò di ìgbátí nílé wa. Ibi tí ó ti ń ni wá lára ni "u" inú "tu" fúnra rẹ̀, àti akọ òun abo: tábìlì jẹ́ abo, ọ̀bẹ jẹ́ akọ, nígbà tó jẹ́ pé "ó" kan náà ni à ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin.

Owó tó kù sílẹ̀ ni ti akẹ́kọ̀ọ́: dátà, iná, àti àkókò. Foreign Service Institute ṣírò wákàtí kíláàsì 600 sí 750 kí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó lè fi Faransé ṣiṣẹ́. Bí o bá ń fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ lójúmọ́, 600 nìkan yóò gbà ọ́ ní 1,200 ọjọ́, ó lé ní ọdún mẹ́ta. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ní 10 Oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà kan gba inú ilẹ̀ Kétu kọjá. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ará Ìmẹ̀kọ bá lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Kétu lónìí, Yorùbá ni yóò fi kí wọn, òun ni yóò fi nájà lọ́jà, òun ni yóò fi jẹun. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìwé ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá tàbí nílé ẹjọ́ ni ahọ́n rẹ̀ yóò tó wúwo. Àṣẹ tí Ọba François pa ní Villers-Cotterêts ló bá pàdé níbẹ̀.