Ilẹ̀ Tó Ṣeé Gbé: Bí Mo Ṣe Kan Pèpéle Gọ́ọ̀fù ní Ìlobù

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi mí ṣẹ̀sín, ẹ jẹ́ n rojọ́ mi tán. Mo kan pèpéle gọ́ọ̀fù sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlobù. Bẹ́ẹ̀ ni, gọ́ọ̀fù. Ìyá àgbà tó wà lójúlé kejì bi mí bóyá ilé adìẹ ni. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ada ni mo ti mọ gọ́ọ̀fù. Pápá MicCom tí Alàgbà Tunde Ponnle dá sílẹ̀ wà níbẹ̀, ihò 18, kò sì jìnnà sí wa: ẹ gba Òṣogbo, ẹ gba Ìkìrun, ẹ ti débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá àwọn ọ̀gá gbé àpò, èmi náà ń tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Nàìjíríà, ìdí àpò gbígbé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di 2025, ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin kónílé-ó-gbélé de ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò ní dá ẹjọ́ ta ló jẹ̀bi. Bàbá mi ọmọ Ìlobù, ìyá mi ọmọ Ìfọ́n. Ẹ ti rí ibi tí mo dúró sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí a jọ ń gbá gọ́ọ̀fù, Ìfọ́n ló ń gbé. Ẹsẹ̀ la máa ń fi rin ọ̀nà ilé wọn sí ilé wa. Lójijì, ó wá dà bíi pé ó kó lọ sí òkè òkun.

Inú ilé tí mo jókòó sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn gọ́ọ̀fù lórí fóònù. Ohun tó gbà mí lọ́kàn kì í ṣe igi, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ilẹ̀ ni. Gọ́ọ̀fù ń jẹ ilẹ̀ bí iná ṣe ń jẹ koríko. Ẹni tí kò ní pápá ńkọ́? Kí ló máa gbé bọ́ọ̀lù lé?

Láyé àtijọ́, iyanrìn ni. Àpótí iyanrìn tútù máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á bu díẹ̀, á mọ ọ́n bí òkìtì kékeré, á gbé bọ́ọ̀lù lé e. Ọwọ́ á dọ̀tí, òkìtì á tú ká, ó tún di àmọ̀tún.

Ẹni tí èyí sú ni George Franklin Grant. Ẹ di orúkọ yẹn mú. Aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n bí i ní Oswego, New York, ní 1846. Àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín ní Harvard, ó parí ní 1870, ó sì padà di olùkọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1899, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí igi kékeré kan tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀, tó ní rọ́bà lórí tí bọ́ọ̀lù á jókòó lé. Tee nìyẹn! Kò tà á. Ó kàn ń fi ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ ni. Ó kú ní 1910. Oníṣègùn eyín mìíràn, òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Lowell, ló wá fi tee ṣòwò ní àwọn ọdún 1920, òun ni aráyé sì ń kókìkí rẹ̀. Ó di 1991 kí àjọ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà tó jẹ́wọ́ Grant. Ọdún 92, ẹ̀yin ará! Inú bí mi, mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n tee ṣì nílò ilẹ̀ tó rọ̀. Ní St Andrews ní Skọ́tlándì, tí òtútù bá dé, wọ́n ní kí oníkálukú mú ẹní kékeré dání, kó máa gbé bọ́ọ̀lù lé e, kí koríko lè sinmi. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀ẹ̀rùn ló ń pa koríko wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ pápá ní Nàìjíríà fi lo iyanrìn tí wọ́n fi òróró pò níbi tó yẹ kó jẹ́ green. Brown ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

Koríko oníke wá dé. Ní Houston, wọ́n kọ́ pápá ìṣeré alórùlé kan, wọ́n kun ike òrùlé rẹ̀ nítorí ìtànṣán oòrùn ń dí àwọn agbábọ́ọ̀lù lójú, ni koríko bá kú. Ní 1966 wọ́n tẹ́ AstroTurf síbẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí ẹ ń yà fọ́tò lórí rẹ̀ níbi ìnáwó, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Ti ilé ńkọ́? Bàbá Tiger Woods ta àwọ̀n sínú gáréèjì, ó ń gbá bọ́ọ̀lù sí i, ọmọ ọwọ́ sì jókòó ń wò ó. Ní 1978 ọmọ yẹn, ọmọ ọdún méjì, ti ń gbá gọ́ọ̀fù lórí tẹlifíṣọ̀n. Lónìí ẹ̀rọ simulator ti wà: radar tàbí kámẹ́rà á wo bí bọ́ọ̀lù ṣe kúrò nílẹ̀, kọ̀ǹpútà á ṣírò ibi tí ì bá balẹ̀ sí. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti dáwó ra radar kékeré kan, tòkunbọ̀. Àwọ̀n wà. Ilẹ̀ ló kù.

Mo kọ́kọ́ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ kẹta, mi ò lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbé korobá omi. Lórí pápá, igi á gba ara bọ́ọ̀lù kọjá, á hú koríko díẹ̀. Sìmẹ́ńtì ò gbà, ìgbọ̀wọ́ ló ń gbà á. Mo tún gé plywood, mo fi ṣe ibi ìdúró, mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ mi wá ga ju bọ́ọ̀lù lọ. Mo ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó já bọ́.

Ni mo bá lọ bá bọ̀dá káfíńtà. Pákó 2 by 4 la fi ṣe férémù, a fi ìdábùú sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan kó má baà tẹ̀, plywood nípọn 18mm lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 4, ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù sì wà lórí ìpele kan náà. Níbi tí bọ́ọ̀lù á wà, a gé ihò, a ta rọ́bà tẹ́ẹ̀bù ọkọ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ fọkanáísà sísàlẹ̀ rẹ̀, a tẹ́ fóòmù sí i, kápẹ́ẹ̀tì sì bo gbogbo rẹ̀. Igi wá ń wọlé, ó sì ń jáde.

Pèpéle amọ̀ ilé àwọn bàbá wa, ojú kan ló ń wà. Mo ní kí tèmi ṣeé tú. Ìlàjì méjì ni, bóòtù 4 ló so wọ́n pọ̀, ọwọ́ lásán lè tú u, kẹ̀kẹ́ márúwá sì lè gbé e.

Nígbà tí ọ̀nà là, mo gbé e lọ sí Ìfọ́n. Onímárúwá ní ṣé bẹ́ẹ̀dì ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọ́kọ́ wo ojú mi pẹ́ kó tó wo ẹrù tí mo gbé, ó wá ní kí n wọlé wá jẹun. Ọmọ rẹ̀ ti ń de bóòtù ní tirẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan, ó wo radar, ó ní igun kan ga. A wá òkúta pẹlẹbẹ, a fi tì í lábẹ́, ó tún gbá òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló máa lò lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ Sátidé ni mò ń lọ gbé e.