Níbo Ni Ayàwòrán Ń Kó Ọ̀dà Rẹ̀ Sí? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàn Iyàrá Iṣẹ́ Inú Ilé

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìtúpalẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ àti ewì ni mo wá dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ nípa búrọ́ṣì, òróró àti agolo. Àwíjàre mi kò gùn. Inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ bá àwọn nǹkan wọ̀nyí pàdé, nínú ìwé tí akọ̀wé kan kọ láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni yóò tún kà á lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1675 ni Johannes Vermeer, ayàwòrán, kú ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Họ́láǹdì. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ilé ìyá ìyàwó rẹ̀, Maria Thins, ni òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé. (Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ojú ọkọ ń rí nílé àna kò ní retí pé kí ó fi ọ̀dà gba gbogbo ilé náà.) Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí ogun tí àwọn Faransé gbé wọ ilẹ̀ wọn ní 1672 ti ba ọjà àwòrán jẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1676, akọ̀wé òfin wá ka ẹrù ilé náà, láti iyàrá dé iyàrá. Nínú iyàrá iwájú tí olóògbé ti ń ṣiṣẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí igi méjì tí wọ́n ń gbé àwòrán tì, pákó ìpo-ọ̀dà mẹ́ta, aṣọ ìyàwòrán mẹ́wàá, tábìlì ìkọ̀wé kan, tábìlì igi óákù kan, kọ́bọ́ọ̀dù kékeré onídúrọ́ọ̀ kan, àti àwọn pàǹtí tí kò yẹ ní kíkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí àjà ni ó ti rí tábìlì olókùúta tí wọ́n fi ń lọ ọ̀dà, pẹ̀lú ọmọ ọlọ rẹ̀.

Mo ti ka àkọsílẹ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà bí mo ṣe ń ka oríkì, nítorí ohun tí oríkì máa ń ṣe ni ó ṣe: ó dárúkọ, kò ṣàlàyé. Kí ni ó wà nínú àwọn dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù kékeré yẹn? Akọ̀wé kò sọ. Kí ni àwọn pàǹtí náà? Fún olùyanilówó, pàǹtí ni wọ́n. Fún àwa tí a fẹ́ mọ bí ọkùnrin yìí ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀ lára ògiri, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn wa ti wà nínú òkìtì yẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn kedere. Òkè ni wọ́n ti ń lọ ọ̀dà, iyàrá iwájú ni wọ́n ti ń kùn ún. Lójú tèmi, èyí bọ́gbọ́n mu: eruku ìlọ̀dà kì í jẹ́ kí àwòrán tútù mọ́, yàtọ̀ sí ìyẹn, òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà funfun ní ayé ìgbà náà, májèlé sì ni òjé. Ilé tí ọmọ tí ó tó mọ́kànlá wà kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè gbé irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1400, ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Cennino Cennini kọ ìwé kan fún ọmọ-iṣẹ́ ayàwòrán. Ó ní bí ènìyàn bá ń lọ ọ̀dà pupa tí wọ́n ń pè ní vermilion lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, ńṣe ni yóò máa dára sí i. Ó ní kí a kó ọ̀dà tí a ti lọ̀ sínú ìkòkò kékeré, kí a da omi lé e, kí a sì dé e kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá rẹ̀ tí ó ń da omi lé ògì lórí nínú ìkòkò ti mọ ọgbọ́n yẹn láti kékeré. Omi ni ó ń dènà afẹ́fẹ́.

Ọ̀dà tí a fi òróró pò kò ṣeé tọ́jú báyìí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ yóò bò ó, yóò sì le. Kì í ṣe pé omi ń gbẹ lára rẹ̀ bí ti aṣọ tí a sá sóòrùn; òróró lìnsíìdì fúnra rẹ̀ ni ó ń gba nǹkan láti inú afẹ́fẹ́ tí ó sì ń yí padà, ìyípadà yìí a sì máa mú ooru jáde. Nítorí náà, títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń di ọ̀dà olóròóró sí. Wọn a fi okùn so ó lẹ́nu. Nígbà tí ayàwòrán bá fẹ́ lò ó, yóò fi ìṣó kékeré lu ú, yóò fún ìwọ̀nba tí ó nílò, yóò sì tún fi ìṣó kan náà dí ojú ihò. Ẹ fojú inú wò ó: ogún àpò bẹ́ẹ̀ nínú àpótí kan, tí ọ̀kan sì bẹ́ mọ́ àwọn yòókù lára.

Ẹni tí ó tú wọn sílẹ̀ nínú wàhálà yìí ni John Goffe Rand, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1801, tí ó ń ya àwòrán ojú ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ Winsor & Newton, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú yẹn ní 1832, ti ń gbìyànjú láti fi síríǹjì onígíláàsì ta ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ń fọ́. Ní 1841, Rand gba ìwé àṣẹ fún túùbù tánganran, tí a lè fún láti ìdí, tí a sì lè dé lẹ́nu. Ohun tí gbogbo wa ń lò lónìí fún ọṣẹ ìfọyín, ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọnà fẹ́ràn láti sọ bí túùbù ṣe gbé àwọn ará Faransé bíi Monet àti Renoir jáde lọ sínú oko àti sórí omi. Òótọ́ ni, Monet tilẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi tí ó sọ di iyàrá iṣẹ́; Manet yà á sínú àwòrán ní 1874. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ni ó kàn mí jù. Ọlọ kúrò lórí àjà. Ọmọ-iṣẹ́ tí ń lọ ọ̀dà kò rí iṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán kò sì mọ ohun tí ó wà nínú àwọ̀ tí ó ń kùn mọ́, nítorí ẹlòmíràn ni ó ń pò ó, tí ó ń lẹ orúkọ mọ́ ọn lára. Nínú ìtàn ìpamọ́ ọ̀dà ni a ti lè rí ẹni tí ìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìgbà tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé kò sí irú ìtàn yìí nílẹ̀ wa. Èmi kò gbà. Àwọn aláró wa kò dúró de ewé tútù nígbà gbogbo: wọ́n ń gún ewé ẹlú, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń sá a sóòrùn, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà tí ó jìnnà. Osùn ńkọ́? A ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta pẹ̀lú omi, a ń ṣù ú, a ń pa á mọ́ sínú igbá. Ẹfun náà ń wá ní ṣíṣù. Àwọn obìnrin tí ń kùn ògiri ojúbọ ní Ilé-Ifẹ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́jú àwọ̀ kí a tó rí túùbù. Àwọ̀ gbígbẹ ni a fẹ́ràn, nítorí kì í jò, kì í bẹ́.

Àwọ̀ gbígbẹ kan náà, irú èyí tí Reeves ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1780, tí a ń fi búrọ́ṣì tútù rin, ni ó la òkun wá bá wa. Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, fi ọ̀dà olómi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, kí ó tó rí ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà kankan. Ní 1920 ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì padà sí Èkó ní 1922. Ẹ rò ó wò: ọ̀dà tí wọ́n pò fún ojú ọ̀run àti ara òyìnbó ni ó wà nínú àpótí, ara aláwọ̀ dúdú ni ó sì fẹ́ yà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ìpò náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí tààrà. Àbúrò bàbá mi kan wà ní Ìbàdàn tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré. Ó ń kọ pátákó fún àwọn oníṣòwò, ó sì ń ya àwòrán ojú ènìyàn fún àwọn olóyè àti àwọn ìdílé tí olóògbé wọn kò fi fọ́tò rere sílẹ̀. Iyàrá ẹ̀yìn ilé ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó fi pákó àpótí ọtí kan àgà mọ́ ògiri. Agolo mílíìkì ni ó ń kó ọ̀dà tí ó ti pò sí. Yóò da kẹrosíìnì díẹ̀ lé e lórí kí awọ má bàa bò ó, yóò fi ọ̀rá dé e, yóò sì fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ dì í. Ògì àti Cennino, ẹ ti rí wọn. Kì í fi irun búrọ́ṣì sọlẹ̀ nínú agolo, nítorí yóò wọ́. Ọ̀dà funfun kan wà tí ó sọ pé òjé wà nínú rẹ̀. Orí òpó òrùlé ni ó ń gbé e sí, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àkísà tí ó bá ti mu òróró, kò jẹ́ ṣù ú jọ. Orí ọgbà ni ó ń tẹ́ ẹ sí. Ó ní bí a bá ṣù ú jọ yóò gbóná fúnra rẹ̀, yóò sì gbiná. A rò pé àwàdà ni. Mo ti ju ẹni ogójì ọdún lọ kí n tó kà á nínú ìwé pé òótọ́ ni.

Ó kú ní 1986. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ní kí àwa ọmọ gbá iyàrá náà mọ́, nítorí ayálégbé ń bọ̀. A kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, a sì dáná sun ún. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já sínú iná. Mo ti ṣí i wò rí: ó ya igun mẹ́rin kéékèèké sínú rẹ̀, ó kùn wọ́n, ó sì kọ ìwọ̀n ọ̀dà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpò àwọ̀ ara ènìyàn ni. Ẹni dúdú, ẹni pupa, àgbà, ọmọdé, ojú tí oòrùn mú, ojú tí òjìji bò. Ìṣirò ogún ọdún ni mo sun. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí.

Nígbà tí Francis Bacon kú ní 1992, iyàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Reece Mews ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ààtàn pátápátá: ara ògiri àti ìlẹ̀kùn ni ó ti ń po ọ̀dà. Ní 1998, wọ́n fi iyàrá náà ta ilé àwòrán Hugh Lane ní Dublin lọ́rẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ya àwòrán ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n kó ògiri, ilẹ̀, ìlẹ̀kùn àti eruku rẹ̀, wọ́n sì ka nǹkan tí ó lé ní 7,000. Ní 2001 ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú. Owó ńlá ni ó ná wọn. Èmi kò bẹ ẹnikẹ́ni fún irú owó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀ka yìí àti ẹ̀yin ìdílé ayàwòrán kò ju ohun tí akọ̀wé Delft ní lọ: bébà, gègé, àti ọjọ́ kan kí ìgbálẹ̀ tó wọlé. Kí ẹ sì ṣí dúrọ́ọ̀.

Mo ti gbìyànjú láti ka ẹrù Bàbá Kékeré láti inú ìrántí, bí akọ̀wé ìgbàanì ṣe kà á. Igi ìgbáwòrántì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kúrú. Pákó ìpo-ọ̀dà méjì. Agolo mílíìkì tí ó ju ogún lọ. Búrọ́ṣì, mélòó ni wọn? Àga onípákó àpótí ọtí, pẹpẹ mẹ́ta. Àwòrán obìnrin kan tí kò tíì parí, tí ọwọ́ rẹ̀ òsì kò tíì ní àwọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkùnrin ni.