Gbígbẹnusọ fún Ẹni tí A Kò Lè Bi Léèrè: Ọ̀ràn Karen Quinlan

Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, Karen Ann Quinlan, ẹni ọdún 21, dákú ní New Jersey, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iyè rẹ̀ kò sì padà mọ́. Ẹ̀rọ ni ó ń bá a mí. Àwọn òbí rẹ̀, ọmọ Ìjọ Àgùdà, ní kí a yọ ọ́. Àwọn dókítà kọ̀. Bẹ́ẹ̀ Póòpù Pius Kejìlá ti sọ ní 1957 pé ìtọ́jú tí ó kọjá ìwọ̀n kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ní oṣù kẹta 1976, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dájọ́ pé baba lè gbẹnu sọ fún ọmọ rẹ̀. Àwọn kan pe èyí ní ìpànìyàn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ ẹ̀rọ, Karen ń mí fúnra rẹ̀. Àwọn òbí náà kò sì fi ìgbà kan ní kí a yọ rọ́bà tí a fi ń bọ́ ọ, títí ó fi kú ní oṣù kẹfà 1985.