Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ

Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ìyá ju bí ó ti yẹ lọ lẹ́yìn tí ó bá bímọ tán. Kò sí abiyamọ tí kì í rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀; èyí tí àwọn oníṣègùn kà sí àìsàn ni èyí tí ó tó 500 mìlílítà láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má ṣe dúró dìgbà náà: bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 300 mìlílítà, tí bí ọkàn ìyá ṣe ń lù tàbí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti yí padà, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò àjọ náà fún ọdún 2023 fi hàn pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Ìsun ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí ó ń fà á jù. Kì í ṣe lásán ni Yorùbá fi ń kí ẹni tí ó bímọ pé "ẹ kú ewu ọmọ".

Ohun tí ó ń fà á

Nígbà tí ọmọ àti ibi bá ti jáde, ó yẹ kí ilé-ọmọ súnkì, kí ó le, kí ó sì fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ níbi tí ibi lẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀ pa. Bí ilé-ọmọ bá rọ̀, tí kò súnkì, ẹ̀jẹ̀ kò ní dúró. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù. Àwọn yòókù ni kí ibi má jáde tán, kí ojú ara tàbí ọrùn ilé-ọmọ fàya, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ìyá má lè dì. Oyún ìbejì àti ìrọbí tí ó pẹ́ máa ń dá kún ewu náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí ni kò ní àmì kankan tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tó lára kí ó tó rọbí kì í lè fara da ohun tí ẹlòmíràn lè fara dà.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti etí omi

Ìsun tí ó le lè pa ìyá láàrin wákàtí díẹ̀, nítorí náà ibi tí ó ń gbé ṣe pàtàkì. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n jọ wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú, jẹ́ ìlú tí mọ́tò ń wọ̀ fàlàlà. Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí olú rẹ̀ wà ní Abigi, àwọn abúlé kan wà létí ọ̀sà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọn yóò kọ́kọ́ wọ̀. Àgọ́-Ìwòyè pàápàá ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà, ṣùgbọ́n Ṣágámù ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà.

Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Ṣágámù náà, Olufemi Oladapo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe àyẹ̀wò ìwé àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta, 2002 sí 2004, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Nínú ìbímọ 1,501, ìyá 44 kú, nígbà tí 211 mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí orí tó yọ wọ́n. Iye yìí kò ṣe é lò fún gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sórí lọ ni. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni nǹkan ti burú fún kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ìtọ́jú

Abẹ́rẹ́ oxytocin, tí ó ń mú ilé-ọmọ súnkì, ni wọ́n ń fún ìyá ní kété tí ọmọ bá jáde. Inú òtútù, láàrin 2 °C sí 8 °C, ni ó gbọ́dọ̀ wà, èyí tí ó ṣòro níbi tí iná mànàmáná kò dúró. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dán carbetocin tí ooru kì í tètè bà jẹ́ wò lára obìnrin 29,645 ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, Nàìjíríà pẹ̀lú. Èsì tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé kò rẹ̀yìn sí oxytocin nínú dídènà ìsun. Oògùn oníhóró misoprostol náà kò nílò fíríìjì.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà, tranexamic acid, oògùn tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì dúró ní dídì, máa ń dín ikú kù. Ìwádìí WOMAN (2017), tí a ṣe lára obìnrin 20,060 ní orílẹ̀-èdè 21, fi hàn pé láàrin wákàtí mẹ́ta sí ìgbà ìbímọ ni ó wúlò.

Wíwo ẹ̀jẹ̀ lójú lásán ti tan ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí jẹ. Ohun tí wọ́n rò pé ó kéré ti lè pọ̀ jù. Nínú ìwádìí E-MOTIVE (2023), ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti Gúúsù Áfríkà, wọ́n tẹ́ ọ̀rá tí a sàmì ìwọ̀n sí sábẹ́ ìdí ìyá láti gba ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti pọ̀, wọn a ra ikùn láti mú ilé-ọmọ le, wọn a fún un ní oxytocin, tranexamic acid àti omi ara, wọn a sì yẹ̀ ẹ́ wò pa pọ̀, láìdúró kí ọ̀kan kùnà kí wọ́n tó gbìyànjú èkejì. Ìsun tí ó le, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ àti ikú tí ó fà, lápapọ̀, fi nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ìmúláradá

Ẹni tí ó yè kò tíì bọ́ tán. Òòyì, àárẹ̀ àti èémí tí kò délẹ̀ ni àmì àìtó ẹ̀jẹ̀, oògùn ayọ́rin ni wọ́n sì sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀. Bí wàrà ọmú kò bá sọ̀ rárá, tí nǹkan oṣù kò sì padà wá, ó yẹ kí a fura sí àìsàn Sheehan, níbi tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ó dà ti ba ẹṣẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ jẹ́. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìsun tún lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ìyá ti wà nílé, nítorí èérún ibi tí ó ṣẹ́ kù tàbí àkóràn. Omi gbígbóná tí àwọn ìyá àgbà fi ń tẹ ikùn kò lè dá irú èyí dúró. Bí pádì bá ń kún láàrin wákàtí kan, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rùn, tàbí bí ara bá gbóná, ilé ìwòsàn ni. WHO ní kí òṣìṣẹ́ ìlera rí ìyá láàrin wákàtí 24, ní wákàtí 48 sí 72, ní ọjọ́ 7 sí 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí rí wà nínú ewu pé kí ó tún ṣẹlẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ó sọ fún agbẹ̀bí nígbà tí ó bá tún lóyún, kí ó sì lọ bí ọmọ náà níbi tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.