Ọta Wo Ni Ó Tó Erin?

Àwa tí a gbọ́njú nílé mọ ìbọn ṣakabùlà. Ẹnu rẹ̀ ni ọdẹ ti ń rọ ẹ̀tù sí i, tí yóò fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ kí ọta tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá yìn ín tí kò ba ẹran, ẹran kò ní dúró kí ó tún un kì. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí ẹ̀yìn odi, inú fíìmù ni wọ́n ti mọ ìbọn. Ohun tí wọ́n sì máa ń bi wá ni pé èwo ni ó tóbi jù. Ìbéèrè yẹn náà ni àwọn ọdẹ òyìnbó tí ó wá pa erin nílẹ̀ Áfíríkà fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún 19 ni Frederick Selous nígbà tí ó dé Gúúsù Áfíríkà ní 1871. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ìbọn tirẹ̀ náà, ọta òjé rẹ̀ kan ṣoṣo sì lé ní 100 gíráàmù. Ẹ̀tù dúdú kò lè lé ọta sáré, òjé sì rọ̀, nítorí náà bí ọta kò bá tóbi kò ní wọlé. Selous kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń gbá òun léjìká tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn òun kò fi balẹ̀ mọ́ nídìí ìbọn.

Ní 1884, Paul Vieille ará Faransé ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Nígbà tí ó di 1898, ilé iṣẹ́ Rigby ní London ti ń fi irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ lé ọta gíráàmù 31 jáde láti inú ìbọn tí ihò rẹ̀ jẹ́ .450 ínǹṣì, ó sì ń sáré ju mítà 600 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. (Ní 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí .450 wọ Íńdíà mọ́, kí ọta rẹ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀ tí ó ní ìbọn ológun àtijọ́. Bí .465, .470 àti .475 ṣe dé nìyẹn. Òfin ni ó bí wọn, kì í ṣe erin.)

Walter Bell, ọmọ Scotland tí a bí ní 1880, ni ó da ọ̀rọ̀ náà rú. Karamoja ní Uganda ni ó ti gba orúkọ, tí wọ́n fi ń pè é ní Karamojo Bell. Ó pa erin tí ó lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ìbọn tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 7 lọ ni ó fi pa wọ́n, ọta rẹ̀ sì jẹ́ bíi gíráàmù 11. Ọta ológun ni, tí Mauser ní Jámánì ṣe, tí àwọn Boer fi bá Gẹ̀ẹ́sì jà láàrin 1899 sí 1902.

Bell fi ayùn la orí erin kan sí méjì kí ó lè wo inú rẹ̀. Orí náà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n egungun tí ó kún fún ihò bí afárá oyin ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọpọlọ kéré, ẹ̀yìn ni ó sì wà. Ẹni tí ó bá yìn ín lókè iwájú orí kàn ń da egungun láàmú ni. Bell kọ́ bí a ti ń fojú wá ọpọlọ náà láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, àní láti ẹ̀yìn pàápàá. Ọta rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Ọta tí orí rẹ̀ jẹ́ òjé lásán máa ń fẹ̀ bí ó bá wọ ara; ó dára fún àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n lára egungun erin yóò fọ́ kí ó tó dé ibi tí a rán an. Ti Bell gùn, orí rẹ̀ ṣe roboto, irin sì bò ó. Kì í tẹ̀, kì í sì í yà lọ́nà.

Ṣé kí gbogbo ọdẹ wá ṣe bíi Bell? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ríran dáadáa, tí ó sì lè dúró de àyè, ni ìbọn kékeré yẹ. Nínú igbó kìjikìji, irú èyí tí àwọn baba wa ń ṣọdẹ, erin lè wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí ọdẹ tó mọ̀. Bí ó bá ń sáré bọ̀, tí ọta sì gba ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ kọjá, ọta ńlá lè mú kí ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ti kékeré kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí John Taylor, ọmọ Ireland, jiyàn lé lórí nínú ìwé rẹ̀ ti 1948 nìyẹn, ó tilẹ̀ gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí ó ń ka fífẹ̀ ọta mọ́ ìwọ̀n àti eré rẹ̀. Ìhà tirẹ̀ ni òfin gbè sí: ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ṣì gba ọdẹ láyè kì í fẹ́ ìbọn tí ó kéré sí .375 fún erin.

Ohun kan wà tí Bell sọ tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ìbọn kékeré kì í pariwo bíi ti ńlá. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn yòókù nínú agbo kì í tètè sá. Eyín wọn ni ó ń kó lọ tà. Kenya fòfin de ọdẹ ní 1977. Ní 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó fohùn ṣọ̀kan pé kí òwò eyín erin láti ilẹ̀ kan sí èkejì dáwọ́ dúró, ọdún 35 lẹ́yìn ikú Bell.