Ìwé Kíkà Pọ̀, Ìtàn Kíkọ àti Ìtàn Ìgbésí Ayé: Ibi tí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Lè Ti Bẹ̀rẹ̀

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ ìtàn àdúgbò wọn ló máa ń kọ́kọ́ wá owó ìtẹ̀wé kiri, kí wọ́n tó ronú kan ẹni tí yóò kà á. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òǹkàwé ló yẹ kó ṣáájú: inú àwùjọ tó ń kàwé pọ̀ ni ìtàn ti máa ń jáde.

Àpẹẹrẹ láti Èkó àti Hackney

Láàárín ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò Èkó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ àti orin tó lóde nígbà náà kún inú lẹ́tà wọ̀nyí débi pé àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Kí ó tó di ìwé, ìtàn náà ti ní àwùjọ tirẹ̀.

Ní Hackney, lápá ìlà-oòrùn London, wọ́n dá Centerprise sílẹ̀ ní 1971. Nígbà náà, wọ́n ń ta ìwé níbẹ̀, wọ́n ń ta kọfí, wọ́n sì ń kọ́ àgbà ní mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà. Ní 1972, wọ́n tẹ ewì Vivian Usherwood, ọmọ ilé-ìwé kan ládùúgbò náà. Lẹ́yìn náà ni Working Lives jáde, nínú èyí tí àwọn ará Hackney ti ń ròyìn iṣẹ́ tí wọ́n fi jẹun.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́

Ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá tó. Ẹ lo ibi tí wọ́n ti ń pàdé tẹ́lẹ̀, bí ìpàdé alájẹṣẹ́kù. Kí ẹnì kan ka ojú ìwé méjì sókè nínú Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ìbéèrè tó ṣe pàtó. Bí ẹ bá ní kí ìyá àgbà sọ ìtàn ayé rẹ̀, ó lè ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé, “Ìyá, ta ló ń gbé yàrá tó wà lẹ́nu ọ̀nà nínú agbo ilé yín?” Ẹ ó rí i pé orúkọ kan yóò fa òmíràn yọ.

Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè sọ ọ́ sínú fóònù kí ẹlòmíràn kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá fi Èkìtì sọ ọ́, Èkìtì ni kí ẹ kọ. Ẹ kà á padà sí i létí kí ó tó di títẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ìjà orogún tí ó bá ní kí ẹ yọ, ẹ yọ ọ́.

Ìpamọ́

Àlùfáà Samuel Johnson parí The History of the Yorubas ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ tó fi ránṣẹ́ sílùú òyìnbó sọnù. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ti inú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Nítorí náà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ọ̀kan wà ní ilé ìkàwé, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ìdílé ẹni tó sọ ìtàn. Kí ẹgbẹ́ má fojú kéré ti ìdílé: ẹbí ló ṣe àtúnkọ ti Johnson.