Èrò Kì í Ṣe Ẹrù: Ìtàn Àjà Ilé àti Àjà Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ọ̀pọ̀ Òyìnbó tí ó fẹ́ràn ìrìn-àjò afẹ́ ni ó ní ọkọ̀ kan tí ó jẹ́ mọ́tò, tí ó sì tún jẹ́ ilé. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ohun ìdáná wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè fi í rìn lójò, lẹ́ẹ̀rùn àti nígbà òtútù. Ọkọ̀-ilé ni n ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé kì í ṣe ibùsùn ni ó sọ mọ́tò náà di ilé, bí kò ṣe ohun tí wọ́n tẹ́ sí àárín irin ara rẹ̀ àti ènìyàn inú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ èyí kúrò, mọ́tò náà yóò di ààrò lọ́sàn-án. Èrò tèmi ni pé ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. A ní in nínú ilé, a rí díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú lọ́rì, kí a tó sọ ọ́ nù nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé. Ògiri amọ̀ ilé Yorùbá àtijọ́ nípọn, koríko ni wọ́n sì fi bo orí rẹ̀. Lábẹ́ òrùlé yìí, wọn a to igi lé orí ògiri, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Èyí ni a ń pè ní àjà. Bí iná bá mú koríko, àjà ni kì í jẹ́ kí iná náà tètè dé ibi tí ẹrù wà. Lórí àjà ni a sì ń kó nǹkan pamọ́ sí. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ooru òrùlé já lu ẹni tí ó sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ògiri tí ó nípọn ń gba ooru ọ̀sán. Kí ooru náà tó dé inú yàrá, oòrùn a ti ń wọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín koríko ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó kù, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò bá rìn kì í tètè gbé ooru kọjá. Nígbà tí páànù dé tí ó lé koríko lọ, ilé kò tètè jóná mọ́, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán ráyè wọlé, àfi ní ilé ẹni tí ó bá rántí fi àjà sábẹ́ páànù rẹ̀.

Láti inú ilé, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ojú ọ̀nà. Kò sí ìlú tí ó yẹ kí a ti wo èyí ju Ìlọrin lọ, nítorí pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò tí ó ń ti ilẹ̀ Haúsá bọ̀ ti ń pàdé àwọn tí ó ń ti ìhà gúúsù bọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, pẹ̀lú alárù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kò sí àjà lójú ọ̀nà, nítorí náà àkókò ni wọ́n fi ṣe àjà: wọn a gbéra ní òwúrọ̀ kùtù, bí oòrùn bá sì kan àtàrí, wọn a wá abẹ́ igi sinmi. Irú ọ̀wọ́ oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Páṣíà ń fi ọ̀rọ̀ tí ó di "caravan" lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé e kúrú di "van", wọ́n sì fi orúkọ náà pe ọkọ̀. Bí ó ti wù kí ọkọ̀-ilé jìnnà sí Ìlọrin tó lónìí, orúkọ àwọn arìnrìn-àjò bí ti Ìlọrin ni ó ń jẹ́.

Ojú irin dé Ìlọrin ní 1908. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì wá gbòde. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ lọ́rì nìkan ni wọ́n sábà máa ń kó wá láti òkè òkun, irú bíi ti Bedford. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó fi pákó kan ara rẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà ni a ń pe irú ọkọ̀ yìí, èyí tí ó túmọ̀ sí "sọ̀kalẹ̀ wá kí a jà". Èrò fún mọ́ra wọn nínú rẹ̀, eruku kò sì jẹ́ kí a mọ àwọ̀ aṣọ ẹni. Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Irin ń gbé ooru kọjá ní ohun tí ó ju ìlọ́po 200 ti igi lọ. Ìdí nìyí tí pákó tí oòrùn ń pa fi ṣeé fara tì, tí irin kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà là sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí òjò bá ṣú, wọn a tú tàpólì sílẹ̀. Àwọn káfíńtà wọ̀nyí kò kẹ́kọ̀ọ́ nípa ooru ní yunifásítì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé, wọ́n sì kan ọkọ̀ bí ẹni ń kọ́lé.

Ní 1950 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mọ́tò kan tí ó rí bí àpótí. Ní 1951, ilé-iṣẹ́ Westfalia ní orílẹ̀-èdè kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó, ibùsùn àti àpótí aṣọ sínú rẹ̀, ó sì di ọkọ̀-ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Mọ́tò yìí náà ni ó dé ọ̀dọ̀ wa, tí a sọ ní dánfó. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, irin kan náà ni. Àwọn kan fi pákó àti aṣọ tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ilé. Àwa to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, a sọ ọ́ di àpò tí a ń rọ́ ènìyàn sí. Nígbà tí irú ọkọ̀ yìí àti àwọn bọ́ọ̀sì ilẹ̀ Japan gba ojú ọ̀nà, bọ́lẹ̀kájà di ohun ìtàn, ọgbọ́n àwọn káfíńtà sì bá a lọ.

Mo ti dúró lọ́pọ̀ ìgbà ní Ọjà Tuntun ní Ìlọrin, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró de èrò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ìta nìkan a máa kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru inú mọ́tò tí a tì sínú oòrùn sì lè fi ìwọ̀n 20 ju bẹ́ẹ̀ lọ láàrin wákàtí kan. Àwọn ìyá ọlọ́jà a jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọn a máa fi ìbòrí fẹ́ ara wọn títí ọkọ̀ yóò fi kún. Púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé ẹrù ni wọ́n fi ń kó níbi tí wọ́n ti wá. Bí wọ́n bá dé, àwọn jórinjórin a gé fèrèsé sí i lára, wọn a jó bẹ́ǹṣì mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó parí. Ìhòòhò ni òrùlé rẹ̀ ń wà lókè orí èrò.

Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ kò kọjá agbára wa. Òrùlé ni kí a kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni oòrùn ń dojú kọ jù. Ọ̀dà funfun lórí rẹ̀ yóò dá púpọ̀ nínú ìtànṣán padà. Lábẹ́ irin ni kí fóòmù wà, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú fóòmù ń ṣe irú iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ inú koríko ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí pákó bo fóòmù náà, nítorí fóòmù tí ó wà níhòòhò tètè ń gbaná, èéfín rẹ̀ sì lè pani. Ẹni tí yóò sùn inú ọkọ̀ ní láti ṣọ́ra fún èémí ara rẹ̀ pẹ̀lú: ní òru ọyẹ́ tàbí ti òjò, èémí a máa di omi lára irin tí ó tutù, irin a sì dípẹtà lábẹ́ pákó láìsí ẹni tí ó rí i. Nítorí náà ni ihò afẹ́fẹ́ fi ṣe pàtàkì. Níbi tí àwọn ará Yúróòpù ti ń tẹ́ ọkọ̀ kí ooru má baà jáde, kí ooru má baà wọlé ni tiwa. Ọkọ̀ tí a tẹ́ dáadáa tí kò sì ní ihò afẹ́fẹ́ yóò há ooru àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́ inú.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èrò àti ẹrù kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó tóbi nínú ọkọ̀. Ẹrù kì í làágùn, kì í sì í gbé ọmọ pọ̀n. Ẹni tí ó bá kan àjà sí òrùlé ọkọ̀ kan ti jẹ́wọ́ pé ènìyàn ni yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa kò gbàgbé èyí nígbà tí wọ́n ń fi amọ̀ lásán kọ́lé. Kò yẹ kí àwa tí a ní irin, pákó àti fóòmù gbàgbé rẹ̀.